Cc kì í ṣe ìwọ̀n oògùn: ìtọ́sọ́nà fún akẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú ẹranko n'Ìbàdàn

Ẹni tó bá dúró síwájú káńtà ṣọ́ọ̀bù oògùn ẹran ní Bódìjà fún wákàtí kan, yóò gbọ́ ọ títí yóò fi sú u: "Fún ewúrẹ́ yẹn ní cc méjì, ó ti parí." Cc méjì oògùn wo? Milígíráàmù (mg) mélòó ló wà nínú cc kan rẹ̀? Kílò mélòó ni ewúrẹ́ ọ̀hún wọ̀n? Ẹni tó ń tà kò sọ, ẹni tó ń rà kò bi í. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ì báà ṣe ní Moor Plantation, ì báà ṣe ní ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, ìbéèrè mẹ́ta yẹn ni ìpìlẹ̀ ohun tí ẹ wá kọ́. Cc àti mílílítà (ml), ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí omi inú sírínjì ṣe pọ̀ tó ni wọ́n ń sọ, wọn kò sọ bí oògùn inú omi náà ṣe pọ̀ tó.

Dókítà ẹranko ló ń yan oògùn, òun ló sì ń kọ iye rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ó wọn ẹran, ẹ̀yin lẹ ó ṣírò, ẹ̀yin lẹ ó fà á, tí ẹ ó gún un, tí ẹ ó sì dúró wo ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Bí dókítà bá kọ òdo kan lé, ọwọ́ yín nìkan ló kù tó lè dá a dúró kó tó wọ ara ẹran.

Ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó mú sírínjì

Orúkọ méjì ló wà lára ìgò. Èyí tí wọ́n kọ gàdàgbà ni orúkọ ìtajà. Orúkọ oògùn gan-an wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́, òun sì ni kí ẹ mọ̀. Oxytetracycline (oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn) kan ṣoṣo lè wà lọ́jà lábẹ́ orúkọ mẹ́wàá. Ẹni tí kò bá mọ èyí á gún ẹran kan láàárọ̀, á tún gún un lálẹ́, á sì rò pé oògùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lòun lò.

Lẹ́yìn orúkọ, ẹ wá agbára oògùn. Wọ́n lè kọ ọ́ ní mg/ml, wọ́n sì lè kọ ọ́ ní pasẹ́ńtì. Pasẹ́ńtì kan túmọ̀ sí gíráàmù kan nínú 100 ml, ìyẹn 1,000 mg nínú 100 ml, tó já sí 10 mg nínú ml kan. Nítorí náà, ẹ fi 10 sọ pasẹ́ńtì di púpọ̀, ẹ ti rí mg/ml. Ivermectin 1% (oògùn aran) jẹ́ 10 mg/ml. Lidocaine 2% (oògùn tí kì í jẹ́ kí ojú ibi tí a gún mọ ìrora) jẹ́ 20 mg/ml. Oxytetracycline wà ní 5%, 10% àti 20%, ìyẹn 50, 100 àti 200 mg/ml, ìgò wọn sì lè jọra bí ìbejì.

Ẹ jẹ́ ká padà sí cc méjì orí káńtà. Ewúrẹ́ 20 kg gba cc méjì oxytetracycline 20%: 400 mg ló gbà, ìyẹn 20 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣe déédéé fún oògùn alágbára pípẹ́ yẹn. Bí ó bá jẹ́ 5% ni wọ́n fà, 100 mg péré ló wọlé, 5 mg/kg, bẹ́ẹ̀ 10 mg/kg lójúmọ́ ni ti 5% sábà máa ń jẹ́. Ìdajì oògùn kì í wo àrùn. Kòkòrò tó lágbára jù lọ ló máa ń yè é, àwọn yẹn ló sì máa bímọ. Bí ó bá wá jẹ́ ọmọ ewúrẹ́ 8 kg ni wọ́n fún ní cc méjì 20%, ìlọ́po méjì ààbọ̀ ohun tó tọ́ sí i ló gbà. Ọ̀rọ̀ ẹnu kan, àbájáde mẹ́ta.

Pańpẹ́ kan wà nínú oògùn àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé fún màlúù. Sáṣẹ́ẹ̀tì diminazene tí wọ́n kọ 2.36 g sí lára kò ní 2.36 g diminazene nínú. 1.05 g ni diminazene ibẹ̀, phenazone ni ìyókù. Ẹni tó bá fi 2.36 g ṣírò, ìdá tó kéré sí ìdajì ni yóò fún ẹran. Nǹkan méjì ni kí ẹ máa wá lára oògùn oníyẹ̀fun: mg ojúlówó oògùn, àti iye omi tí lébẹ́ẹ̀lì ní kí ẹ fi pò ó. Yẹ̀fun náà ń gba àyè, nítorí náà iye omi tí ẹ dà sí i àti iye tí gbogbo rẹ̀ dà nígbà tó yòrò kì í dọ́gba.

Kí ẹ tó gbé ìgò sílẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, nọ́ńbà ìpele (batch), ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti ọjọ́ ìdúró, èyí tí a ó sọ̀rọ̀ lé lórí níwájú.

Kílò mélòó?

Ojú kì í ṣe òṣùwọ̀n. Fún ewúrẹ́, àgùntàn àti ajá, ẹ gbé ẹran náà mọ́ra, ẹ gun òṣùwọ̀n, ẹ yọ ìwúwo tiyín kúrò. Màlúù kò ṣeé gbé, ṣùgbọ́n téèpù télọ̀ tó. Ẹ ta á yí àyà rẹ̀ ká lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú gan-an, kí ó fún mọ́ ọn lára láìjẹ́ pé ó wọ̀ ọ́ lára. Lẹ́yìn náà ẹ wọn gígùn rẹ̀ láti ṣóńṣó èjìká dé egungun ìdí. Ní sẹ̀ǹtímítà: àyà lọ́nà àyà, lọ́nà gígùn, kí ẹ pín in sí 10,840. Màlúù Fúlàní funfun tí àyà rẹ̀ jẹ́ 150 cm, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 130 cm: 150 × 150 × 130 ÷ 10,840 = nǹkan bí 270 kg. Bí ó bá dúró wọ́ọ́rọ́wọ́, tí ó gbé orí rẹ̀ bó ṣe yẹ, èsì náà kì í jìnnà sí òótọ́. Èyí tó bá ti lóyún gbó, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó bámúbámú, yóò wúwo ju agbára ara rẹ̀ lọ.

Ìṣirò náà

Kílò × mg/kg = mg tí ẹran nílò. mg yẹn ÷ mg/ml = ml tí ẹ ó fà. Kò sí ìṣirò mìíràn. Ẹ ṣe é ní ìpele méjì, ẹ kọ ìpele kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹ má fò ó.

Màlúù 270 kg yẹn nílò ivermectin 1% ní 0.2 mg/kg: 270 × 0.2 = 54 mg; 54 ÷ 10 = 5.4 ml, lábẹ́ awọ. Diminazene 3.5 mg/kg: 270 × 3.5 = 945 mg; bí ẹ ti pò ó dé 70 mg/ml, 13.5 ml nìyẹn. Oxytetracycline 20%, 20 mg/kg: 5,400 mg, 27 ml. Ẹ kò gbọdọ̀ da 27 ml sójú kan. 10 ml ló pọ̀ jù lójú kan fún màlúù, 5 ml fún ewúrẹ́ àti àgùntàn, nítorí náà ojú mẹ́ta ni ẹ ó gún.

Kí ẹ tó fa oògùn, ẹ bi ara yín bí iye náà ṣe bọ́gbọ́n mu. Ewúrẹ́ tó nílò 15 ml abẹ́rẹ́, tàbí sírínjì kíkún mẹ́ta fún ọmọ ajá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé pọ́ìntì ti yẹ̀ níbì kan. Ọmọ ajá 3 kg tí dókítà kọ ivermectin 0.2 mg/kg fún: 0.6 mg, tó já sí 0.06 ml nínú ìgò 1%. Ẹni tó bá fà 0.6 ml ti fún un ní ìlọ́po mẹ́wàá, ìlọ́po mẹ́wàá ivermectin sì lè mú kí ajá máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, kó fọ́jú, kó gbọ̀n, kó sùn láìjí. Àwọn ajá kan, Collie ní pàtàkì, a sì máa rí i lára German Shepherd pẹ̀lú, ní àbùkù àjogúnbá tó ń jẹ́ kí oògùn yìí wọ ọpọlọ wọn ní ìwọ̀n tí kò ní ṣe ajá mìíràn ní nǹkan kan. Ẹ bi dókítà kí ẹ tó gún un.

Nítorí náà ẹ máa kọ 0.5, ẹ má kọ .5. Ẹ máa kọ 5, ẹ má kọ 5.0. Máíkírógíráàmù, ẹ kọ ọ́ ní mcg, ẹ sì rántí pé 1,000 rẹ̀ ló di 1 mg.

Sírínjì ínsúlínì máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Ìlà 100 tó wà lára rẹ̀, yúníìtì ni, ml kọ́: 100 yúníìtì jẹ́ 1 ml, nítorí náà ìlà 10 jẹ́ 0.1 ml.

Xylazine, oògùn tí ń mú ẹran tòògbé, yẹ kó dẹ́rù bà yín díẹ̀. Ẹṣin ń gba nǹkan bí 1.1 mg/kg sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Màlúù kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdá mẹ́wàá ìyẹn lọ. Ewúrẹ́ tilẹ̀ rọrùn láti pa jù wọ́n lọ, 0.05 mg/kg sínú ẹran ara a máa tó o. Ìgò 2% wà, 10% sì wà. Ewúrẹ́ 20 kg: 1 mg, ìyẹn 0.05 ml nínú 2%, ẹ̀kán kan lásán, tí ojú kò lè wọ̀n dáadáa. Ẹ fa 0.5 ml 2%, ẹ fi omi abẹ́rẹ́ 4.5 ml là á. Ó di 2 mg/ml, ẹ wá fà 0.5 ml. Ẹ kọ orúkọ, agbára tuntun àti aago sára sírínjì náà lójú ẹsẹ̀. Sírínjì tí kò ní orúkọ lára, ẹ dà á nù.

Ibi tí oògùn ń gbà lọ

Oògùn tí ẹ gún tàbí tí ẹ rọ kì í dúró síbi kan. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e, á pín in káàkiri ara, ẹ̀dọ̀ á yí i padà, kíndìnrín á sì yọ ọ́ jáde nínú ìtọ̀. Òmíràn ń bá òróòro jáde sínú ìgbẹ́. Àsìkò tí ìdajì rẹ̀ fi ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń pinnu iye ìgbà tí a ó fún ẹran. Bí ìdajì oògùn kan bá ń lọ ní wákàtí 6, 100 á di 50, 25, 12.5, 6.25, lẹ́yìn wákàtí 30, nǹkan bí 3 ló kù nínú 100. Ìdí nìyẹn tí "lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́" fi túmọ̀ sí wákàtí 12 sí 12, tí kì í ṣe aago mẹ́jọ àárọ̀ àti aago méjì ọ̀sán kí ẹ lè tètè relé. Ẹran tí ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣàìsàn kò lè lé oògùn jáde bó ṣe yẹ, nítorí náà bí ẹ bá rí i pé ajá kan kò tọ̀ láti àárọ̀, ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó fún un ní èyí tó kàn.

Ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Inú ṣàkì rẹ̀ kún fún kòkòrò rere tí ń bá a da oúnjẹ. Àwọn kan máa ń tú kápúsù tetracycline sẹ́nu ewúrẹ́ àgbà; kápúsù náà á pa àwọn kòkòrò rere yẹn, ewúrẹ́ á ṣíwọ́ oúnjẹ, olówó rẹ̀ á sì gbà pé àìsàn ló le sí i.

Fífún un

Nọ́ńbà abẹ́rẹ́ ń lọ sẹ́yìn: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ihò rẹ̀ ṣe tóbi tó. 16 tàbí 18 fún màlúù, 18 sí 20 fún ewúrẹ́, 21 sí 23 fún ajá, 23 sí 25 fún ológbò. Oògùn tó ki bí oxytetracycline 20% kò ní gba inú 23 kọjá. Abẹ́rẹ́ kan, ẹran kan.

Ọrùn ni ẹ gún màlúù àti ewúrẹ́ sí. Iṣan ńlá kan tó ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rìn gba ìdí kọjá, abẹ́rẹ́ tó bá bà á lè rọ ẹran lẹ́sẹ̀. Ẹran itan tún ni oníbàárà máa ń kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ alápatà, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ rí ojú oògùn tó ti jẹrà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ ti wọlé, ẹ fa ọ̀pá sírínjì sẹ́yìn díẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, ẹ fà á jáde, ẹ wá ibòmíràn. Ìgbésẹ̀ yìí ṣe pàtàkì jù lọ fún procaine penicillin, oògùn funfun bíi wàrà, tí kò gbọdọ̀ wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ láé: procaine inú rẹ̀ á dé ọpọlọ, ẹran á ta kìjí, á ṣubú, ó sì lè kú lójú yín.

Bí ẹ bá ń rọ oògùn aran, ẹ má gbé imú ẹran ga ju ojú rẹ̀ lọ. Ẹ ti ìmú ìgò gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ẹ rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbé e mì. Bó bá ti wúkọ́, ẹ dúró. Oògùn tó gba ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró ń pa ewúrẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kò sì sẹ́ni tó máa ń rántí dá ẹni tó rọ ọ́ lẹ́bi. Albendazole, ẹ má fún èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún. Levamisole, 7.5 mg/kg, kò fàyè gba àfikún tó pọ̀, nítorí náà òṣùwọ̀n di dandan.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ dúró ti ẹran fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Bí ojú rẹ̀ bá wú, tó ń da itọ́, tó ń mí gùlegùle, tó sì ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ẹ ké sí dókítà, kí adrenaline sì wà nítòsí. Èyí tí wọ́n kọ 1:1000 sí lára jẹ́ 1 mg/ml, ní 0.01 mg/kg sínú ẹran ara, ewúrẹ́ 20 kg ń gba 0.2 ml, màlúù 270 kg ń gba 2.7 ml. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó gún oògùn àkọ́kọ́, torí nígbà tí ẹran bá ti wó lulẹ̀, ọwọ́ á máa gbọ̀n.

Ẹ ṣọ́ ara tiyín náà. Tilmicosin (oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn) tó bá gún ènìyàn lè dá ọkàn rẹ̀ dúró. Cloprostenol àti dinoprost, oògùn tí a fi ń darí gígùn àti oyún ẹran, ń gba awọ ara wọlé. Aláboyún àti ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀fúùfù (asthma) kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Abẹ́rẹ́ tí ẹ ti lò, ẹ má fi ọwọ́ kejì dé e; inú ike líle tó ní ìdérí ni kí ó lọ tààrà.

Omi fún ajá tó ń ṣu, tó ń bì

Àrùn parvo kì í jẹ́ kí ọjà omi dúró n'Ìbàdàn. Ajá 10 kg tí dókítà ní ó ti pàdánù omi ara 8%: 10 × 0.08 = lítà 0.8, ìyẹn 800 ml. Ẹ fi ti ojúmọ́ kún un, 60 ml/kg, 600 ml. Àpapọ̀ 1,400 ml ní wákàtí 24, nǹkan bí 58 ml ní wákàtí kan. Ẹ wo ara àpò okùn dírípù kí ẹ mọ iye ẹ̀kán tó ń ṣe ml kan. Bí ó bá jẹ́ 20: 58 × 20 ÷ 60, nǹkan bí 19 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ẹ̀kán kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Ohun tó bá ń bì sí i lẹ́yìn náà, ẹ fojú díwọ̀n rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ má fi oxytetracycline sínú Ringer's lactate: kálísíọ̀mù inú omi náà á so mọ́ oògùn.

Oògùn inú omi adìẹ

Níbí, ìwọ̀n agbo lẹ ń ṣírò. Adìẹ 500, ọ̀kọ̀ọ̀kan 1.5 kg, ó di 750 kg. Enrofloxacin (oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn) 10 mg/kg: 7,500 mg lójúmọ́. Nínú èyí tó jẹ́ 10%, 75 ml ni. Ẹ wá wọn iye omi tí wọ́n mu lánàá. Ká ní lítà 120 ni, ẹ pín 75 ml sínú lítà 120, kì í ṣe sínú iye táǹkì tó bá ṣáà ti wà níbẹ̀. Nínú oòrùn oṣù kẹta, adìẹ máa ń mu omi púpọ̀, tí gbólóhùn "ml kan sí lítà kan" bá sì wà lẹ́nu yín, ẹ ti fún wọn ní àpọ̀jù. Èyí tí àìsàn ti dá gúnlẹ̀ kò ní mu tó. Ẹ pò ó tuntun lójoojúmọ́. Kálísíọ̀mù àti irin inú omi ń so mọ́ enrofloxacin, kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ẹ má fún adìẹ tó ń yé ẹyin tí a ó tà. Amẹ́ríkà ti fòfin de ìlò rẹ̀ fún adìẹ láti 2005, torí kòkòrò tí kò gbọ́ oògùn mọ́ ń ti ara adìẹ dé ara ènìyàn.

Bí àjẹsára Lasota (ti àrùn Newcastle adìẹ) bá ń lọ nínú omi, ẹ má fi omi ẹ̀rọ tó ní kùlórínì pò ó. Mílíìkì oníyẹ̀fun tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀, 2.5 g sí lítà kan, á pa agbára kùlórínì náà. Tiamulin, oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn, kò gbọdọ̀ pàdé monensin, salinomycin tàbí narasin, àwọn oògùn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ (coccidiosis) tó wà nínú oúnjẹ adìẹ. Ẹ ka àpò oúnjẹ kí ẹ tó da tiamulin sómi.

Ohun tó dára fún ẹnì kan, tó pa ẹlòmíràn

Paracetamol 500 mg kan lè pa ológbò, torí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi tú u. Oògùn eégbọn oní-permethrin tí wọ́n ń kán sẹ́yìn ajá ń mú kí ológbò gbọ̀n títí dójú ikú. Ibuprofen ń dá egbò sínú ajá, ó sì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ẹ má fi amoxicillin tàbí penicillin sẹ́nu ehoro. Monensin inú oúnjẹ adìẹ ń pa ẹṣin. Lidocaine, ewúrẹ́ kò gbọdọ̀ gbà ju nǹkan bí 5 mg/kg lọ: ọmọ ewúrẹ́ 10 kg tí ẹ fẹ́ gé ìwo rẹ̀, 2.5 ml nínú 2% ni òpin.

Títọ́jú oògùn

Àjẹsára ń gbé ní 2 sí 8°C, iná NEPA kò sì mọ ìyẹn. Ẹ ní kúlà àti yìnyín, kí tẹmómítà wà nínú rẹ̀, kí ìwé tàbí aṣọ sì wà láàárín yìnyín àti ìgò, nítorí àjẹsára olóròóró tó bá dì ti bàjẹ́, kódà bó yòrò padà. Ìgò aláwọ̀ ilẹ̀, ẹ má yọ ọ́ sínú oòrùn. Tetracycline tó ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀, ẹ dá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún dídànù.

Ọjọ́ ìdúró àti ìwé

Oògùn tí ẹ fún ẹran lónìí ṣì wà nínú ẹran àti wàrà rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, sísè kì í sì í pa gbogbo rẹ̀. Lébẹ́ẹ̀lì ló ń sọ iye ọjọ́ tí a ó dúró kí a tó pa á tàbí kí a tó ta wàrà. Ó jẹ́ 28 lórí ọ̀pọ̀ oxytetracycline 20% fún ẹran màlúù. Ivermectin 1% jẹ́ 35 lórí àwọn kan, 49 lórí òmíràn, kò sì tọ́ sí màlúù tí a ń fún wàrà rẹ̀ fún ènìyàn. Chloramphenicol kò ní ọjọ́ ìdúró kankan fún ẹran jíjẹ, torí ó lè ba mùdùnmúdùn inú egungun ènìyàn jẹ́. Ẹ má lò ó fún wọn rárá.

Bí a bá gún màlúù ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà, tí ọjọ́ ìdúró jẹ́ 28, ọjọ́ 1 oṣù keje ló tó ṣeé gbé lọ sí ilé ìpẹran. Ẹ kọ ọjọ́ yẹn gan-an sílẹ̀, ẹ má kọ "28" nìkan, kí ẹ sì kà á fún olówó ẹran létí kó tó kúrò níwájú yín. Nínú ìwé náà ni ìwúwo, orúkọ oògùn gan-an, agbára rẹ̀, nọ́ńbà ìpele, mg, ml, ojú tí ẹ gún, aago, àti orúkọ ẹni tó gún un yóò wà. Kí mg ṣáájú ml nínú ìlà kọ̀ọ̀kan.